Oníbúlọ́ọ̀kù Tí Wọ́n Ní Ó So Òjò Mọ́kè

Màrìwò ni Lásúnkànmí Olúsànyà kọ́kọ́ rí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà. Wọ́n ta á láti ara òpó iná dé ara igi ọgbà, ó dí ẹnu ọ̀nà ibi tí ó ti ń mọ búlọ́ọ̀kù pátápátá. Ọjọ́ Àìkú ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀, nítorí ọjọ́ Sátidé ni Sábáàtì òun àti ìjọ rẹ̀. Ó ti wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó ti gbé ṣọ́bìrì lé èjìká. Ó dúró, ó wo màrìwò náà títí.

Kò sí ẹni tí a bí ní Ijoku, àdúgbò wọn nílẹ̀ Rẹ́mọ, tí kò mọ ohun tí màrìwò ń wí. Ó ń wí pé ìlú ti gbẹ́sẹ̀ lé ibí, má wọlé.

"Fàtáì, ta ló ṣe èyí?"

Fàtáì, tí ó ti ń bá a mọ búlọ́ọ̀kù láti ìgbà tí wọ́n ti la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, jókòó sórí bárò lẹ́bàá ọ̀nà, kò fẹ́ wo ojú ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Olóyè Ìyàndá ló rán wọn. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ so òjò mọ́kè."

"Èmi?"

"Wọ́n ní kí búlọ́ọ̀kù yín lè ráyè gbẹ."

Lásúnkànmí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Ọdún 1983 nìyẹn, ọdún tí ọyẹ́ kọ̀ tí kò lọ. Oṣù Kẹta ti parí, Oṣù Kẹrin ti wọlé, òjò kò tíì kan ilẹ̀ Rẹ́mọ. Iná ti jó oko kòkó títí dé ẹ̀yìn Ìkẹ́nnẹ́. Oko obì tí kò sì jóná, ewé rẹ̀ ti wọ́ dànù. Ní Sábó, níbi tí wọ́n ti máa ń di obì ránṣẹ́ sí òkè Ọya, àwọn obìnrin ń jókòó ti agbọ̀n òfìfo. Ọ̀fun gbogbo ènìyàn gbẹ, inú gbogbo ènìyàn ń bí, ó wá ku kí wọ́n rí ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi náà lé lórí.

Ohun tí ó dun Lásúnkànmí jù ni pé ẹ̀sùn náà kò tilẹ̀ lọ́gbọ́n nínú. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kì í gbẹ bí ẹ̀gẹ́ tí a sá sórí àpáta. Omi ló ń mú un le. Bí a bá mọ ọ́n tán, tí ó bá ti dúró, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni a ó máa bomi rin ín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìka ọwọ́ lásán ni yóò máa fọ́ ọ. Kànga rẹ̀ ti gbẹ láti ìgbà ọdún Kérésì. Ọwọ́ onítáńkà ni ó ti ń ra omi, omi tí ó ń rùn bí irin.

"Ẹni tó ń ra omi ló so òjò mọ́kè!" Ó pariwo sí ojú títì, bí ẹni pé àwọn ọkọ̀ tí ń sáré lọ sí oríta márosẹ̀ ni yóò dá a lóhùn. "Fàtáì, ṣé orí wọn pé báyìí?"

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ìgò yẹn ni."

"Ìgò wo?"

Fàtáì nawọ́ sí abẹ́ páànù. Ìgò kan wà níbẹ̀, dúdú, tí wọ́n fi okùn so kọ́ igi àjà. Òkú ọ́ìlì ló wà nínú rẹ̀, ọ́ìlì mọ́tò tí a ti lò tán, tí wọ́n fi ń pa ara mọ́ọ̀dù kí búlọ́ọ̀kù má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ewúrẹ́ ló máa ń ta á dànù tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀, ni Fàtáì fi so ó kọ́. Ó ti pẹ́ tí ó ti wà níbẹ̀, gbogbo ayé ló ń rí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí òjò ń rọ̀, ìgò ọ́ìlì ni; ní ọdún ọ̀dá yìí, ó ti di ìgò oògùn.

Olóyè Ìyàndá, olórí àdúgbò náà, ti rán iṣẹ́ mọ́ màrìwò náà. Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àsárì, kí Lásúnkànmí wá sí ojúde Ijoku pẹ̀lú ìgò rẹ̀, kí ó tú òjò sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé òun ti tú u. Bí kò bá wá, kí ó wá ilẹ̀ ibòmíràn tí yóò ti máa mọ búlọ́ọ̀kù.

Ó rí i kedere ibi tí wọ́n há a mọ́. Díákónì ni nínú ìjọ. Òun ni ó máa ń ṣílẹ̀kùn ilé Ọlọ́run ní àárọ̀ Sábáàtì, òun ni ó sì máa ń gbé àwo ọrẹ. Bí ó bá lọ wí pé òun tú òjò, ó ti gbà pé òun so ó, ó ti di olóògùn nìyẹn. Bí kò bá sì wí i, iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Baba rẹ̀ olóbì ni ó kọ́kọ́ gba Olúwa nínú ìdílé wọn, ó sì jìyà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ilé. Lásúnkànmí kò ní bá wọn parọ́ lórí orúkọ tí baba rẹ̀ fi ìyà rà.

*

Ó lọ bá Alàgbà Ọmọ́túndé ní ilé. Alàgbà ni olórí ìjọ wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ó máa ń fọ́ ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ó tó sọ ọ́. Ìjọ ti gbààwẹ̀ fún òjò. Wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n ti sunkún. Níṣe ni ojú ọ̀run ń funfun sí i.

"Bàbá Ellen," ni Alàgbà wí, orúkọ tí gbogbo ìjọ ń fi àkọ́bí rẹ̀ pè é, "mo ti gbọ́. Jókòó."

"Mi ò jókòó, Alàgbà. Mo wá kí ẹ lè bá mi lọ ní Ọjọ́bọ̀. Kí ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ mọ̀ mí."

Alàgbà nu ojú gíláàsì rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ náà gba sùúrù. O mọ̀ pé a ti ń gbàdúrà, a ò rí èsì. Nígbà míràn, ẹnì kan máa ń wà láàárín àwọn ènìyàn Ọlọ́run tí ó fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ ẹní."

Lásúnkànmí kò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Nígbà tí ó yé e, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbá a létí.

"Alàgbà. Ṣé ẹ ń bi mí léèrè nípa ìgò náà ni?"

"Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan. Mo kàn ní, bí nǹkan bá wà, ó dára kí ó jáde."

"Ọ́ìlì ló wà níbẹ̀! Ẹ̀yin fúnra yín wá ra búlọ́ọ̀kù níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń kọ́ ilé ìdáná! Orí yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgò yẹn, ẹ ní kí n gbé e sókè díẹ̀ kí ó má ba fìlà yín jẹ́!"

"Má pariwo nínú ilé mi, Díákónì."

Ó jáde láìkí i pé ó dàbọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà títí dé ilé ni ó ń bá Ọlọ́run jà nínú ọkàn rẹ̀, èyí tí kò ṣe rí. Ó ń wí pé: Olúwa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu yín ti tó. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, kí gbogbo wọn pa ẹnu mọ́. Ojú ọ̀run kò dá a lóhùn. Ẹ̀rù bà á díẹ̀ pé ó dà bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń gbọ́. Ó yára gbé ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó tẹsẹ̀ mọ́rìn.

*

Ellen, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà nílé fún ọlidé. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ni ó ń kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tí wọ́n jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, tí ìyá rẹ̀, Ọmọ́yẹni, ń kó àwo, ó jókòó ti baba rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò jẹun dáadáa."

"Oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Ìwọ tó kàwé, ta ló so òjò?"

Ó sọ ọ́ bí ẹ̀gàn, ṣùgbọ́n Ellen mú un bí ìbéèrè.

"Bàbá, ẹ mọ Sàhárà, aṣálẹ̀ tó wà lókè Hausa lọ́hùn-ún? Wọ́n kọ́ wa pé koríko ló kún ibẹ̀ nígbà kan rí. Adágún omi ńláńlá wà níbẹ̀, erinmi ń wẹ̀ níbẹ̀, àwọn ènìyàn ń pa ẹja. Wọ́n ya àwòrán màlúù sára àpáta, àwòrán náà wà níbẹ̀ dòní."

"Màlúù nínú yanrìn?"

"Kò tíì di yanrìn nígbà yẹn. Nígbà náà, bí oòrùn ṣe ń kọjú sí ilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìsinsìnyí, ó sì fa òjò láti òkun wọ àárín ilẹ̀ lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n oòrùn nìkan kọ́. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Koríko àti igi ń mu omi, wọ́n ń mí i sókè padà, òun náà tún ń di òjò síwájú. Adágún náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oòrùn wá ń yí padà díẹ̀díẹ̀, koríko ń fọ́nká, ilẹ̀ ń hàn. Ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò máa ń funfun, níṣe ló ń da ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sókè. Afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á máa rọ̀ wálẹ̀, á gbẹ, kò ní lè gòkè lọ di kùrukùru. Òjò dín kù, koríko tún dín kù. Koríko dín kù, òjò tún dín kù. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fa ara wọn lọ títí ó fi di aṣálẹ̀."

Lásúnkànmí yíjú síta. Ó ń wo ojúde níbi tí erùpẹ̀ pupa ti ń fò.

"Ọdún wo nìyẹn?"

Ellen lọ́ra. "Ìgbà tí ó tutù jù yẹn... wọ́n ní bí ẹgbàárùn-ún ọdún sẹ́yìn."

"Ẹgbàárùn-ún!" Ó nà dìde. "Ọlọ́run kò tíì dá ayé nígbà náà! Ẹgbàáta ni wọ́n kọ́ wa, ẹgbàáta ni baba mi kọ́ mi, òun ni èmi náà kọ́ ọ! Owó búlọ́ọ̀kù mi ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ yìí?"

"Bàbá, mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Mo mọ ohun tí ẹ kọ́ mi. Mo sì mọ ohun tí mo rí nínú amọ̀ ìsàlẹ̀ adágún tí wọ́n fi hàn wá. Mi ò tíì mọ bí n ó ṣe gbé méjèèjì pọ̀." Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ọmọ́yẹni yọjú láti inú ilé. "Bàbá Ellen, ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Òun kọ́ ló ta màrìwò."

Lásúnkànmí tún jókòó. Ọ̀rọ̀ ọdún náà wà lọ́kàn rẹ̀ bí òkúta inú bàtà. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò.

"Igbó Ọ̀mu," ni ó wí jẹ́jẹ́.

Ellen yára mi orí. "Bàbá, mi ò lè sọ pé torí Igbó Ọ̀mu nìkan ni. Ó kéré. Òjò ò rọ̀ dé Gánà lọ́dún yìí, iná ń jó wọn lọ́hùn-ún náà. Ṣùgbọ́n igbó yẹn, igbó míràn, igbó míràn... gbogbo rẹ̀ la gé. Ẹnì kan ò lè ní ọwọ́ òun ò sí níbẹ̀."

Igbó Ọ̀mu ni igbó tó wà ní ìpẹ̀kun Ijoku nígbà èwe rẹ̀. Ọ̀mu, ewéko tí kì í hù àfi níbi tí ilẹ̀ bá tutù, ló kún abẹ́ igi rẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ènìyàn kì í gbẹ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ìgbà ọyẹ́. Ẹbí Olóyè Ìyàndá ló ni ín. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ dé, tí ilẹ̀ di góòlù, Olóyè ta igi fún àwọn onígẹdú, ó ta ilẹ̀ ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì. Igi kan ṣoṣo ló kù, àràbà ńlá kan, nínú púlọ́ọ̀tì tí ìjọ Lásúnkànmí rà láti fi kọ́ ilé ìsìn tuntun. Gbogbo ilé tó wà níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù Lásúnkànmí ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ọjà náà. Ó ti san ìdámẹ́wàá rẹ̀.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, ojúde Ijoku kún. Olóyè Ìyàndá jókòó sórí àga, agbòòrùn lórí rẹ̀. Alàgbà Ọmọ́túndé dúró sẹ́yìn pátápátá, bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Sàfúrátù, ìyá àgbàlagbà tí ń ta obì ní Sábó, ti rí ibi jókòó sí níwájú.

"Lásún, ṣé o ti jẹun?" ni ó kígbe. "Kí ebi má lọ mú ọ kí o tó tú u tán o! Obì mi ti gbẹ bí egungun!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lásúnkànmí gbé ìgò náà sókè.

"Ìgò rèé."

"Ẹ má jẹ́ kó gbé e sún mọ́ wa!" Lìádì awakọ̀ ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Lásúnkànmí lọ bá a tààrà, ó ṣí ìdérí, ó tì í sí i nímú. "Awakọ̀ ni ọ́. Gbóòórùn rẹ̀. Kí nìyí?"

Lìádì sín. "Ọ́... òkú ọ́ìlì ni."

"Tún un sọ kí Olóyè gbọ́!"

"Òkú ọ́ìlì ni, Olóyè!" Ẹ̀rín tún sọ.

Olóyè kò rẹ́rìn-ín. "Ọ́ìlì ló fi bo ojú rẹ̀. Dédé wa la mọ̀ pé ohun tó wà lókè ìgò kọ́ ló wà nísàlẹ̀. Lásún, mo mọ baba rẹ. Èèyàn dáadáa ni, àfi pé ó lọ tẹ̀lé àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Tú òjò wa sílẹ̀ kí a máa lọ sílé."

Bí ó ṣe dárúkọ baba rẹ̀ yẹn ni Lásúnkànmí kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó dorí ìgò kodò, ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú àga Olóyè. Ọ́ìlì dúdú ṣàn, erùpẹ̀ gbígbẹ fà á mu.

"Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀! Kí lẹ rí? Kí lẹ rí níbẹ̀?"

Gbogbo ojúde dákẹ́ lójijì. Ó rò pé ìtìjú ni. Ó ju ìgò náà nù.

"Bí ẹ bá ń wá ibi tí wọ́n so òjò mọ́, ẹ tẹ̀lé mi."

Wọ́n tẹ̀lé e, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Igbó Ọ̀mu kò jìnnà. Ilẹ̀ pupa ni láàárín àwọn ilé tuntun, ó lanu, kò sí ewé kan, oòrùn ń tàn padà láti orí rẹ̀ débi pé wọ́n ń fi ọwọ́ bojú.

"Ẹ bọ́ bàtà yín."

"Orí ẹ dàrú," ni Lìádì wí, ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó fò sókè. "Yéè! Iná ni!"

"Ó dára. Ẹ wá sí abẹ́ àràbà yìí pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán." Wọ́n wá. Ó tutù. Sàfúrátù fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra ilẹ̀ bí ọmọdé, ó mí kanlẹ̀.

"Nígbà tí mo wà léwe, báyìí ni gbogbo ibí ṣe rí," ni Lásúnkànmí wí. "Ilẹ̀ tó tutù, tó ń mí omi sókè, òun ni òjò ń bá rìn. Ilẹ̀ yángí yìí, ooru ló ń jù sókè, kí òjò dúró ṣe kí ni? Olóyè, ẹ̀yin lẹ ta igi. Ẹ̀yin kan níbí lẹ gé e. Ìjọ mi ra tiwọn, wọ́n sì ti ń wá onígẹdú tí yóò gé èyí tó kù yìí. Èmi ni mo mọ búlọ́ọ̀kù tí ẹ fi bo ilẹ̀. Kí olúkúlùkù wá tú okùn tirẹ̀, kí ẹ fi ìgò mi sílẹ̀!"

Olóyè Ìyàndá kò bọ́ bàtà. Ó wo àràbà, ó wo Alàgbà Ọmọ́túndé tí ó ti yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "A ti gbọ́," ó yí padà.

Láàárọ̀ Ẹtì, màrìwò kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Lásúnkànmí kúnlẹ̀ nínú yanrìn, ó dúpẹ́. Ó rò pé òtítọ́ ti wọ̀ wọ́n létí. Òun àti Fàtáì ra omi lọ́wọ́ onítáńkà, wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, wọ́n sinmi ní Sábáàtì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ilẹ̀ kún fún búlọ́ọ̀kù tútù ní ìlà-ìlà.

Ọ̀sán ni ìjì jà. Kò sí ẹni tó rò ó. Àwọsánmà dúdú kan ṣoṣo ti ọ̀nà òkun wá, ó sì tú lé wọn lórí bí ìgbà tí àgbá ya. Fàtáì sáré mú tapólì wá láti fi bò wọ́n, ìjì gbé e lọ. Búlọ́ọ̀kù tútù náà ń yọ́ lójú wọn, etí wọn ń wó, ojú wọn ń dá ihò bí ojú ẹni tí ìgbóná bà jẹ́. Lásúnkànmí dúró láàárín wọn, omi ń ṣàn lórí rẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun máa yọ̀ tàbí kí òun máa sunkún.

Ìgbà náà ni ó gbọ́ orin. Wọ́n ń bọ̀ ní ojú títì, wọ́n rin gbindin, wọ́n ń jó. Sàfúrátù ló ṣáájú, ó gbé adìẹ sábẹ́ apá.

"Bàbá Ellen tú òjò! Bàbá Ellen, ẹ ṣé o!"

"Mi ò tú nǹkan kan!"

"A rí ọ, ọmọ mi! A rí ọ nígbà tí o da ìgò sílẹ̀! Gba adìẹ yìí. Ọlọ́run á máa fún ọ lágbára sí i."

Ojú Lásúnkànmí wá là. Ìgò tí ó dorí rẹ̀ kodò ni wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní Igbó Ọ̀mu, kò sí ẹyọ kan tí ó wọ etí ẹnikẹ́ni.

"Ìyá, ẹ wo búlọ́ọ̀kù mi! Ṣé ẹni tó bá lè tú òjò ni yóò tú u sórí iṣẹ́ ara rẹ̀?"

Sàfúrátù wo àwọn búlọ́ọ̀kù tí ń yọ́ náà, àánú sì ṣe é. "Háà. Ẹbọ tìẹ nìyẹn. O ṣeun gan-an."

Lásúnkànmí bú sígbe ìbínú, tí Fàtáì fi dì í mú.

Ìròyìn kì í pẹ́ dé ilé ìsìn. Ní Sábáàtì tó tẹ̀lé e, àwọn àgbà ìjọ pè é sí yàrá ẹ̀yìn. Alàgbà Ọmọ́túndé ka ẹ̀sùn náà jẹ́jẹ́: díákónì ìjọ da nǹkan sílẹ̀ lójúde, òjò sì rọ̀, gbogbo ìlú ń yìn ín pé olóògùn ni.

"Ẹ wà níbẹ̀, Alàgbà. Ẹ̀yin fúnra yín gbọ́ pé ọ́ìlì ni."

"Mo gbọ́ pé o dárúkọ ìjọ mọ́ àwọn tó so òjò."

"Ó dáa. Ìbéèrè kan ṣoṣo. A gbààwẹ̀ fún òjò, òjò rọ̀. Ṣé àdúrà wa ló mú un rọ̀, àbí ìgò mi? Bí ó bá jẹ́ àdúrà, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi? Bí ó bá jẹ́ ìgò, kí la dọ̀bálẹ̀ fún?"

Alàgbà ká ìwé ẹ̀sùn náà pọ̀. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìsìn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó sinmi lẹ́nu iṣẹ́ díákónì fún sáà kan.

Ó délé, ó bi Ellen ní ìbéèrè kan náà. Ọmọ náà ń di ẹrù láti padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ òkun ló yí padà, ó pẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó dé.

"Ta ló yí i?"

Ellen wo baba rẹ̀. "Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Èmi náà ò mọ̀ mọ́," ni ó wí, ọ̀rọ̀ náà sì bà á lẹ́rù ju gbogbo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ lọ.

Òjò ti wá ń rọ̀ dáadáa nígbà tí Olóyè Ìyàndá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá síbi búlọ́ọ̀kù. Ó jókòó sórí bárò Fàtáì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Lásún, ọ̀rọ̀ àná ti tán. A fẹ́ sìnkú ìyá wa ní ìparí oṣù. Àlejò ń bọ̀ láti Èkó. Bá mi mú òjò dúró ní ọjọ́ yẹn. Ìwọ kì í ṣe ẹni tí n óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀."

Lásúnkànmí wò ó títí. Ó ti rò pé ìbínú òun ti dé ìpẹ̀kun, kò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ṣì wà.

"Ẹ fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń so ó?" ni ó wí. "Àràbà Igbó Ọ̀mu. Òun ló kù. Ẹ lọ gé e. Bí ẹ bá gé e, ẹ gé tòkè Sábó, ẹ gé obì gbogbo yín. Òjò ò tún ní da ìnáwó yín rú mọ́ láéláé."

Èébú ni ó fi bú u. Ṣùgbọ́n ó rí i tí Olóyè ń fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n, tí ojú rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Igbó Ọ̀mu bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní oògùn.

"Àràbà yẹn," ni Olóyè wí. "Ìjọ yín ṣì ń wá onígẹdú, àbí? Mo mọ ẹnì kan."

Lásúnkànmí kò dúró gbọ́ ìyókù. "Fàtáì! Gbé bárò!"

Olóyè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nígbà tí Fàtáì fa bárò lábẹ́ rẹ̀. Fàtáì àti ọ̀gá rẹ̀ kó àwọn búlọ́ọ̀kù tí òjò bà jẹ́, àwọn tí ojú wọn dá ihò, tí kò sí oníbàárà tí yóò fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n tì wọ́n lọ sí Igbó Ọ̀mu, wọ́n padà, wọ́n tún tì. Lásúnkànmí po sìmẹ́ǹtì nídìí àràbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n yí i ká kí onígẹdú má baà dé ìdí rẹ̀, nínú ilẹ̀ ìjọ, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Alàgbà Ọmọ́túndé wá bá a níbẹ̀. "Díá... Bàbá Ellen, kí lò ń kọ́ sínú ilẹ̀ Olúwa?"

"Ẹ lọ bi Olúwa bóyá kò fẹ́ igi Rẹ̀ mọ́," ni ó wí, kò gbójú sókè. "Tí Ó bá dá yín lóhùn, ẹ wá sọ fún mi. Ó ti pẹ́ tí èmi ti ń dúró de èsì."

Alàgbà yí padà, ó lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Fàtáì sá sábẹ́ igi, ṣùgbọ́n Lásúnkànmí kò kúrò níbi ògiri. Ó ń gbé búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù, ó ń fi ọwọ́ lásán tẹ sìmẹ́ǹtì wọ àárín wọn, ẹnu rẹ̀ ń wí wúyẹ́wúyẹ́. Fàtáì kò mọ̀ bóyá àdúrà ni tàbí èébú. Ó dájú pé Lásúnkànmí fúnra rẹ̀ náà kò mọ̀.